Pínnì Tí Mo Ní N Kò Rí Létí Ìró Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, kí ó da mẹ́sàn-án nù kó tó délé. N kò bínú sí wọn. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Olùkọ́ wa lé mi nígbà tí mo sọ fún un pé ewúrẹ́ ló jẹ síléètì mi, tí mo sì fa ewúrẹ́ náà wọ kíláàsì pé kó wá jẹ́rìí. Iṣẹ́ bátìrì mọ́tò ni mo kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, òun náà ni mo sì fi tọ́ ọmọ.

Ìtàn tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni ti bátìrì katakata. Mo ní ọkọ̀ bà jẹ́ sí wa lọ́nà lẹ́yìn tí a kúrò ní Ọ̀yọ́, mo bá gbé bátìrì náà lé orí, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní iná inú rẹ̀ pọ̀ débi pé gbogbo abúlé tí mo bá ń kọjá, gílóòbù ilé wọn a tàn, àwọn ènìyàn a jáde wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ọmọdé ń rẹ́rìn-ín sí i, àgbà ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun alẹ́ kan.

Èyí tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí yàtọ̀. Èyí lé ìyá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ẹnu mi yìí ló ti jáde, mo sì jókòó tì í, mò ń wò ó bó ti ń ṣiṣẹ́.

Ilé mi wà lẹ́yìn Sábó. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ọjà Igbó, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń gbé bátìrì wá fún mi láti ṣáàjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dọ̀tí jù nínú iṣẹ́ wa, ẹ̀yìnkùlé ilé ni mo ti ń ṣe é. Bátìrì tó bá ti kú pátápátá, mo máa ń là á, màá yọ òjé inú rẹ̀, màá dà á sínú ìkòkò irin, màá koná sí i lábẹ́ títí yóò fi yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn. Lára rẹ̀ ni mo ti ń rọ orí bátìrì tuntun. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àwọn ọdẹ ni wọ́n ń rà á láti fi ṣe ọta ìbọn. Èéfín rẹ̀ a máa ṣe ọ̀fun bí ẹni tó fi ahọ́n lá kọ́bọ̀. Mo gbé ìkòkò náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò ti lè rí iná náà pa. Mo ka ìyẹn sí ọgbọ́n nígbà náà.

Ọmọ mi ọkùnrin kan ṣoṣo ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti fẹ́yàwó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni ìyàwó náà. Bó bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, orúnkún rẹ̀ a kan ilẹ̀, kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n kàn ń fi orúnkún halẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Kò jẹ́ kí ìyá ilé, ìyàwó tèmi, fọwọ́ kan aṣọ iṣẹ́ mi mọ́. Òun ló ń fọ̀ ọ́, ọwọ́ lásán ló fi ń fọ̀ ọ́, eruku dúdú ara aṣọ náà a sì sọ omi inú báàfù di tàdáwà.

Nígbà tó lóyún, ó wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré nídìí ìkòkò yẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Baba wa, èéfín yìí ń wọ ilé ìdáná, ó ń dí mi láyà."

Mo sọ fún un pé èéfín òjé ni ìyá mi fi ń wẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà ní ìkókó, ìdí nìyẹn tí ejò fi bù mí jẹ lẹ́ẹ̀mẹta tó jẹ́ pé ejò ló ń kú. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí bí baba ọkọ bá ṣe àwàdà, ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó padà sínú èéfín.

Obìnrin ló bí. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta kí a tó gbà láàárín ara wa pé kì í ṣe pé ó kàn ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n a pe orúkọ rẹ̀ títí, kò ní yíjú. Bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa ké. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa fi ọwọ́ lu afẹ́fẹ́ bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń jẹ, ìyá rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ bó o kúrò nínú ewé. Bí ẹlòmíràn bá bó o, ebi ni yóò sùn.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni ìdérí bátìrì. Bátìrì kan ní ìdérí mẹ́fà. Á tò wọ́n ní mẹ́fà-mẹ́fà láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ìkòkò mi. Bí ọ̀kan bá dín, á wá mi kàn, á di ṣòkòtò mi mú, á fà mí lọ síbi àlàfo náà, á dúró. Kò wo ojú mi rí. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ni ìdérí.

Àwa àgbà kan máa ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ télọ̀, a jọ dàgbà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ń rán ṣòkòtò lọ, kò tiẹ̀ gbé ojú sókè, ó ní, "Ọmọ ọmọ rẹ yìí, ṣé kì í ṣe nǹkan ìdílé yín báyìí? Àbúrò baba rẹ ńkọ́, èyí tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀?"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí. Àbúrò baba mi yẹn gbé oko títí ó fi kú. Ebè iṣu ló máa ń kà láàárọ̀, á tún kà á nírọ̀lẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá kí i, á bẹ̀rẹ̀ ìkà náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ wá, ẹ mọ̀ bí a ṣe ń wádìí ìdílé wò kí a tó fọmọ fún ara wa. Ìdílé tí wọ́n bá ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí kàn, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ á gbó sílé. Mo wò ó pé bí n kò bá tètè wá ibòmíràn gbé ẹrù yìí sí, orí gbogbo wa ni yóò wà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìdílé kọ́, ìṣojú mi ló ṣe.

Ẹ tún mọ̀ pé aboyún wa kì í rìn lọ́sàn-án gangan láìfi pínnì há aṣọ tàbí kó mú òkúta wẹ́wẹ́ dání, kí ohun tó ń rìn nírú àkókò yẹn má baà yà sí i nínú. Orí ìyẹn ni mo kọ́lé mi lé. Mo ní ọjọ́ àkọ́rọ̀ òjò ni, lọ́dún tó lóyún, kí òjò tó ṣú. Mo ní oòrùn dúró lórí Ọjà Igbó bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé, mo sì rí ìyàwó ọmọ mi tó ń dá kọjá oríta, ikùn níwájú, kò sí pínnì létí ìró rẹ̀, kò sí òkúta lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní nǹkan kan ń tẹ̀ lé e, kò ga ju ìgò ọtí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó ń ka àwọn ìdérí ìgò tó wà lójú títì ní mẹ́fà-mẹ́fà. Nígbà tó kà á dé ẹ̀yìn ìyàwó, mo ṣẹ́jú, n kò rí i mọ́.

Mẹ́fà-mẹ́fà yẹn ni mo fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti ń pa láti kékeré, ẹyọ kan tí wọ́n gbà gbọ́ nìyẹn, inú mi sì dùn. Kí n má parọ́ lé èyí náà lórí: inú mi dùn.

Irọ́ náà jáde lábẹ́ àtíbàbà kí n tó mu omi tán. Ó gba àárín ọjà kọjá, ó dé ilé ìjọsìn aládùúrà tí ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ, ibẹ̀ ló ti wọ aṣọ funfun, ó sì di ìran. Wòlíì pe ìyàwó síwájú, ó bi í pé ṣé ó jáde lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún. Ẹ sọ fún mi, aboyún wo ló wà ní ìlú yìí tí kò jáde lọ ra iyọ̀ lọ́sàn-án rí? Ó ní bóyá lẹ́ẹ̀kan. Bóyá yẹn ló pa á. Wọ́n fi ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìwẹ̀ odò tẹ̀ lé e, ọmọ kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá ni ohun náà dì mọ́, bí ìyá bá kúrò nílé, yóò bá a lọ.

Ìyàwó mi jókòó tì mí lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti gbọ́ irọ́ mi láti ìgbà tí a jọ ń ṣeré ìfẹ́. Ó ní, "Ẹ wo ojú mi. Ṣé ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i?"

Àyè wà níbẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Mo wo ojú rẹ̀, mo ro ti télọ̀, mo ro ti àbúrò baba mi àti ebè rẹ̀, mo ní, "Mo rí i. Ìró aláwọ̀ ewé ló ró."

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé aya rẹ̀ padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ dúró, wọ́n ní ọmọ baba ni. Kí ìyá rẹ̀ tó lọ, ó jókòó nílẹ̀ ilé ìdáná, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀kọ náà han ìyàwó mi, pé kí ewé má fà á ya, pé kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Ó wá kúnlẹ̀ fún mi. Ó wò mí pẹ́. Mo rò pé ìtìjú ló mú un.

Ohun tí wọ́n ní yóò bá ìyá lọ kò bá a lọ. Ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ tí ìyàwó mi bó, ó jẹ ìlàjì, ó kọ ìyókù. Ó ń to ìdérí bátìrì mi jáde báyìí, láti ilé ìdáná sí ẹnu géètì, níbi tí bọ́ọ̀sì yẹn ti gbéra. Ó rù, ó funfun lójú, inú ń run ún, á dì í mú, á máa ká. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyàwó mi kò gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní ká gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Dókítà tí a bá, obìnrin ni, kò ju ọmọ ọmọ lọ fún mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà, ó wò ó pẹ́ bó ti ń to ìdérí, ó wá sọ fún wa pé ọ́tíísìmù ni wọ́n ń pe bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní kì í ṣe iwin, kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń fi oògùn lé lọ, pé ọmọ á kọ́ nǹkan bí a bá fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n inú rírun àti ojú funfun yẹn, ó ní nǹkan mìíràn nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Níbo ni mo ti ń ṣe é. Mo fẹ́ fi ti bátìrì katakata dá a lóhùn, ìyàwó mi gbá mi lórúnkún. Ó béèrè ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ náà. Ó béèrè ibi tí ìyá máa ń wà nígbà tó wà nínú oyún, tí mo bá ń yọ́ òjé. Ìyàwó mi ló ń dáhùn. Mo ń gbọ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Nígbà tí èsì dé, òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní kí a gbé gbogbo nǹkan iṣẹ́ kúrò nílé, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀, aṣọ tútù ni ká fi máa nù ún.

Mo ní, "Dókítà, ṣé èmi ni mo ṣe é?"

Ó ní, "Inú rírun yìí, bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Òjé ni. Ti ọ́tíísìmù, mi ò mọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán." Ó ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni. Ó ní àwọn onímọ̀ ń wo nǹkan àyíká náà, èéfín tí aboyún ń fà símú, òjé, oògùn apakòkòrò, pé wọ́n fura sí wọn, ṣùgbọ́n pé òun kò lè fi ìka kan ẹyọ kan kí òun ní ìyẹn ló ṣe ti ọmọ yìí. Ìyàwó mi béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, dókítà ní ìyẹn kò sí níbẹ̀, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìyàwó mi wá ní oòrùn ọ̀sán ńkọ́.

Dókítà ní, "Mama, oòrùn ọ̀sán ò ṣe ọmọ báyìí rí. Ìyá rẹ̀ ò ṣẹ nǹkan kan. Níbo ló tiẹ̀ wà?"

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ìdérí ọmọ náà jọ.

N kò mọ̀ bóyá ẹ mọ irú ìyà yẹn. Bí ó bá ní èmi ni, ǹ bá ti mọ ibi tí màá kúnlẹ̀ sí. Bí ó bá ní èmi kọ́, ǹ bá sùn. Ó fi mí sí àárín, ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Àbúrò baba mi wà lápá ọ̀tún, ìkòkò òjé wà lápá òsì, kò sí èyí tó fẹ́ gba ẹ̀sùn náà tán lọ́wọ́ èkejì. Ẹyọ ẹnì kan tó dájú pé kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Mo sọ fún ọmọ mi lọ́jọ́ náà pé irọ́ ni mo pa. Ó wò mí bí ẹni ń wo arúgbó tó gbàgbé ṣòkòtò wọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ àwọ̀ ìró, Baba. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe yín." Ó dìde, ó lọ. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo bí i. Bí irọ́ mi bá jẹ́ òótọ́, ìyàwó ló jẹ̀bi. Bí òótọ́ mi bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀bi náà kan ọmọ mi, nítorí òun ló ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó òkú bátìrì láti Ọ̀yọ́ wá fún mi.

Èmi ni mo gbé ọmọ náà lọ. Mo ti gba ìdérí bátìrì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò. Ó kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ méjì, ó gbà á lọ́jọ́ kẹta. Ó di etí rẹ̀ láti Sábó títí a fi wọ Ọ̀yọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo pẹrẹsẹ. Ẹ má retí pé ọmọ sáré dì mọ́ ọn. Ó rìn lọ, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti orúnkún ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀wà náà létí àwo, mẹ́fà-mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ dá ọwọ́ dúró kí ó má baà tú u.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yí ojú sí ògiri, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí àna ń wò. Mo ní irọ́ ni. Mo ní n kò rí i ní Ọjà Igbó.

Ó ní, "Ẹ dìde, Baba wa. Mo mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́rọ̀ òjò tí ẹ dárúkọ, ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìnkùlé lẹ wà, ẹ ń yọ́ òjé. Òjò fẹ́ rọ̀, ẹ ní kí n wá di agboòrùn mú lé ìkòkò yín lórí, kí omi má kàn án. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹ fi rọ ọ́ tán."

Mo rántí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí agboòrùn náà, ikùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, èéfín tó gba abẹ́ agboòrùn lọ sókè, tí kò rí ọ̀nà àbáyọ, tó padà sí ojú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo yàn láti parọ́ mọ́ ọn nìyẹn.

Mo béèrè pé kí ló dé tí kò sọ ọ́.

Ó ní, "Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Pé baba ọkọ mi ń parọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká jọ padà. Ó ní òun ò bọ̀. Ó ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀ níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ èyí tó kù: "Ibi tí ẹ ti sọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ lọ sọ èyí níbẹ̀."

Mo lọ. Mo jókòó lábẹ́ àtíbàbà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìkòkò, aṣọ fífọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn, agboòrùn. N kò fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí mo dé ibi agboòrùn, télọ̀ fi ṣísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, ó lu itan. Ó ní, "Aboyún, agboòrùn, ìkòkò òjé. Ìwọ ọkùnrin yìí, èyí dáa ju ti ìjọsí lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ti ìjọsí ni òótọ́, pé mo kàn ń wá ọ̀nà tí ìyàwó á fi padà wálé ni.

Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ń sọ ọ́ títí di òní. Wọ́n ti ń pe ara wọn wá gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ṣí ilé iṣẹ́ bátìrì sí òdìkejì títì, òun náà gbé ìkòkò kaná. Ìyàwó rẹ̀ ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti yọ, pínnì wà létí ìró rẹ̀, ó ń dán. Mo sọdá lọ bá wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò tíì la ẹnu tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi ọwọ́ nu àga fún mi, tó fa tirẹ̀ sún mọ́ mi, tó ń rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀, tí èéfín sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn.

Ó ní, "Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ láti ibi agboòrùn, Baba."